Kà Á Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Bàtà mi ń pa mí lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí nìyẹn.
Bàtà ọdún Iléyá tó ti kéré,
tí bàbá mi ní dandan ni kí n wọ̀
nítorí à ń lọ kí àwọn ológun.

Ológun kankan ò sí níbẹ̀.
Òpó símẹ́ǹtì kan ni, létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́,
tí wọ́n kùn ní funfun, tí òjò ti sọ di eléèérí.
Ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ sí ìbòòji rẹ̀,
ẹnìkan sá àwọ̀n sórí irin tó yí i ká.
Bàbá mi ṣí fìlà. Àwọn ewúrẹ́ ò dìde.

Oyún oṣù mẹ́rin ni Ìyá Àgbà Kúbúrátù
nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bọ́mà,
lọ ja ogun tí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Bàlógun
ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀.
Kò mọ ojú rẹ̀. Fọ́tò kankan ò sí.
Ohun tó padà wálé ni bébà kan
àti owó tí ìyá rẹ̀ fi ra páànù.
Ó máa ń wí pé: “Òrùlé ni bàbá mi.
Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Ó tú ẹrù rẹ̀: kànhìnkànhìn, ọṣẹ dúdú, kẹ́ẹ̀gì omi.
Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ìlà kan lára òpó náà,
ìlà kan ṣoṣo,
bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá,
ó ń fi èékánná yọ ẹrẹ̀ inú lẹ́tà.
“Bàbá mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà.”
Ọdọọdún ló ń ṣe é, bàbá mi ní,
láti ìgbà tí òun wà lọ́mọdé.

Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ni.
Kò sí ohun tí n kì í kà nígbà náà:
ara bọ́ọ̀sì, ìdí agolo mílíìkì, bébà tí wọ́n fi wé àkàrà.
Mo tẹ ìka mọ́ ìlà tó ń wẹ̀, mo kà á sókè:
“Lá-wà-ní. Láwàní Èjìnrìn.”
Dísù wà lókè pátápátá, ìlà kẹta,
aláǹtakùn ti ta òwú bò ó.

Ọwọ́ bàbá mi bà lé mi léjìká, ó wúwo.
“Ọmọ yìí ò tíì mọ̀wé dáadáa.”
Ewúrẹ́ kan sín.
Omi ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ Ìyá Àgbà
sórí bàtà mi.

“Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.”
Mo kà á.
Mo rò pé yóò gbá mi létí.
Ó wo ìlà náà bí ẹni ń wo àlejò
tó ti ń jẹun nílé rẹ̀ tipẹ́ láìbéèrè orúkọ.
“Láwàní,” ó wí. “Ará Èjìnrìn.
A jẹ́ pé ìwọ ni mo ti ń fẹjọ́ ọkọ mi sùn.”
Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ,
títí ó fi yí padà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá mi ní ká máa lọ, oòrùn ti ń mú.
Kò dá a lóhùn. Ó ní kí n bọ́ bàtà,
kí n gun orí àtẹ̀gùn,
kí n ka gbogbo wọn, láti òkè délẹ̀.
Mo ń kà, ó ń wẹ̀.
Akinlábí. Búsàrí. Dísù.
Níbẹ̀ ó dúró. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún gbẹ.
Kò rí nǹkan kan sọ,
ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Láwàní tán.

Omi tán lórí orúkọ kẹsàn-án.
Bàbá mi wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ojú ìyá rẹ̀,
ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún,
ó wọ inú ọ̀sà lọ pọnmi.